Ìjàpá Tí Ó Pààrọ̀ Ọkàn

Lẹ́yìn ilé tí mo ń gbé ní Ajah, lábẹ́ igi àgbọn kan, ni ọkọ̀ bàbá mi wà. Ọdún kẹfà rèé tí kò ti rìn. Ọkọ̀ Volkswagen kékeré ni, irú èyí tí àwa Yorùbá sọ ní ìjàpá nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ rí rìbìtì bí igbá ahun. Ní 1975 ni bàbá mi, tí ó jẹ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, rà á. Ọdún náà ni owó Údọ́jì dé, tí ìjọba fi kún owó oṣù, tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì gba èyí tí ó ti ṣẹ́kù sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí bàbá mi papò dà, àwa ọmọ fohùn ṣọ̀kan pé ọ̀dọ̀ mi ni kí ọkọ̀ náà wà.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, mo pe mẹkáníìkì kan wá wò ó. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó wò ó títí, ó wá ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n yọ ẹ́ńjìnnì yìí dànù, kí n wá ti ìgbàlódé sí i. Ẹ máa gbádùn ẹ̀." Àbúrò mi obìnrin ní bí owó yóò bá jáde, orí gáàsì ni kí ó jáde sí, kí a lè bọ́ lọ́wọ́ bẹntiróòlù. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin tí ó ń gbé ní London pè wá lórí fóònù, ó ní iná mànàmáná ni gbogbo ayé ń lọ sí, kí a má ṣe dúró sẹ́yìn. Ìyàwó mi nìkan ni ó béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò béèrè: "Bàbá Yétúndé, iṣẹ́ wo ni ọkọ̀ yìí fẹ́ ṣe tí a fi máa náwó lé e lórí?"

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a fi ojú ìtàn wò. Àwọn baba wa àti àwa náà ti ń tún ọkọ̀ ògbólógbòó ṣe ní Èkó láti ìgbà tí ó ti pẹ́. Bí a bá wo ìgbà tí irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ mú èrè wá àti ìgbà tí ó di òfò, ó yẹ kí a rí ohun kan kọ́ nípa ìgbà tí ó tọ́ kí ènìyàn náwó àti ìgbà tí ó yẹ kí ó fi ọwọ́ sí àpò.

Kí a kọ́kọ́ sọ pé títún ọkọ̀ tò kì í ṣe àrà tuntun lọ́dọ̀ wa. Àwọn tí ó ti dàgbà yóò rántí bọ́lẹ̀kájà. Láyé ọjọ́un, ọkọ̀ akẹ́rù Bedford àti Austin tí a ń kó wọlé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà ní ara nígbà tí ó bá dé. Férémù irin, ẹ́ńjìnnì àti táyà ni ọlọ́kọ̀ ń rà. Àwọn káfíńtà wa ni ó ń fi pákó kan ara sí i, tí wọ́n ń to àga onígi sínú rẹ̀, tí àwọn tí ń kun ọ̀dà yóò sì wá kọ òwe tàbí àdúrà sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Mọ́lùẹ́ tí ó gba ìgboro Èkó lẹ́yìn náà kò yàtọ̀: férémù àti ẹ́ńjìnnì Mercedes-Benz ni àwọn tí ń jó irin pọ̀ kan ara lé lórí nílé wa níhìn-ín. Lójú àwọn òyìnbó tí ó ṣe é, odindi ohun kan ni ọkọ̀ jẹ́. Lójú tiwa, ohun tí a lè tú palẹ̀ kí a sì tún tò ni. Ògún tí àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì ń bọ kì í ṣe Ògún Bedford tàbí Ògún Mercedes. Ògún onírin ni, níbikíbi tí irin náà bá ti wá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun kan. Kò sí ẹni tí ó ń kan ara bọ́lẹ̀kájà tàbí mọ́lùẹ́ nítorí ìfẹ́ tí ó ní sí ọkọ̀. Ọkọ̀ tí yóò kó èrò, tí yóò kó iṣu àti kòkó, tí yóò mú owó wálé ní ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń kàn. Iṣẹ́ ni ó ṣáájú, ìnáwó ni ó tẹ̀ lé e.

Ní 1975 kan náà tí bàbá mi ra ìjàpá rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà tí ó lọ láti Èkó sí Àgbádárìgì. Ọdún náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Láàrin ọdún díẹ̀, ìjàpá àti Peugeot 504 kún ojú títì wa. Ohun tí èyí mú wá ju ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ. Ó mú ìmọ̀ wá. Mẹkáníìkì tí ó bá ti tú ìjàpá mẹ́wàá palẹ̀ kò nílò ìwé láti fi tú ìkọkànlá. Ìjàpá fúnra rẹ̀ kò sì le. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú lára, kò ní rédíétọ̀ tí omi ń gbẹ nínú rẹ̀. Bóòtù mẹ́rin péré ni ó sì so ó mọ́ jíà. Ọkùnrin méjì tí ó mọṣẹ́ lè sọ ẹ́ńjìnnì náà kalẹ̀ kí ọbẹ̀ tó jinná. Bí ohun kan bá bàjẹ́ nínú rẹ̀, kò sí ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí a kò ti lè rí irú rẹ̀ rà.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀wọ́n dé. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Ní 1986, ìjọba Ọ̀gágun Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP kalẹ̀, wọ́n sì fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà. Nígbà tí ó fi máa di 1987, dọ́là kan ti tó nǹkan bí náírà mẹ́rin. Ọkọ̀ tuntun bọ́ kúrò lọ́wọ́ olùkọ́, ó bọ́ kúrò lọ́wọ́ akọ̀wé, kò sì pẹ́ tí ó fi bọ́ kúrò lọ́wọ́ olùkọ́ yunifásítì pàápàá. Ìgbà náà ni ọkọ̀ tòkunbọ̀ gbilẹ̀, tí wọ́n ń gba Kùtọnù wọlé. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ àlòkù náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé nínú àpótí irin ńláńlá, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní Bẹ́líjíọ̀mù, nítorí pé orílẹ̀-èdè náà wà lára ibi tí a mọ̀ mọ́ òwò ọ̀hún. Títí di òní, ẹni tí ó bá dé ọjà Ládìpọ̀ ní Múṣín yóò rí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tò sílẹ̀ bí ẹní to iṣu, tí epo ń kán lára wọn.

Ní 1987 ni ẹ́ńjìnnì ìjàpá bàbá mi kú. Mo rántí alẹ́ ọjọ́ náà dáadáa. Bàbá mú ìwé ìṣirò kan, ó fa ìlà sí àárín ojú ewé. Ní apá kan, ó kọ iye tí ẹ́ńjìnnì àlòkù yóò jẹ, owó mẹkáníìkì àti owó wíwọ ọkọ̀ láti Èkó wá sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ní apá kejì, ó kọ iye tí ìyá mi ń san fún ọkọ̀ èrò bí ó bá ń kó gààrí lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí ó sì ń kó ẹja bọ̀. Ó ro ó pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ìyá mi, ó ní, "Ẹja ni yóò ra ẹ́ńjìnnì náà." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó sì rí. Àpò gààrí wọ iwájú ìjàpá níbi tí bọ́ọ̀tù rẹ̀ wà, ó wọ ìjókòó ẹ̀yìn, òórùn ẹja Ẹ̀pẹ́ kò sì kúrò lára wa títí mo fi wọ yunifásítì. Ẹ́ńjìnnì kejì náà san owó rẹ̀ padà kí ọdún tó yí po.

Bí mo bá wo ọ̀rọ̀ náà báyìí, mo rí i pé ohun mẹ́ta ni ó gbè é. Ọkọ̀ náà ní iṣẹ́. Ó ní ẹgbẹ́ lójú títì, tí ẹ̀yà rẹ̀ àti ìmọ̀ rẹ̀ fi wà káàkiri. Ara rẹ̀ sì le, tí ó fi lè gbé ẹ́ńjìnnì mìíràn fún ọdún púpọ̀. Iṣẹ́, ẹgbẹ́, ara: níbi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti pé, ìnáwó náà kì í ṣòfò.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Kúbà, lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà dáwọ́ òwò dúró pẹ̀lú wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Amẹ́ríkà tí wọ́n ti rà ṣáájú kò ní ẹ̀yà tuntun mọ́. Àwọn mẹkáníìkì wọn yọ ẹ́ńjìnnì ńláńlá tí ń mu bẹntiróòlù bí omi kúrò, wọ́n fi ẹ́ńjìnnì tí ń lo dísù láti ara ọkọ̀ mìíràn rọ́pò. Àwọn àjèjì máa ń yàwòrán àwọn ọkọ̀ náà nítorí ẹwà wọn, ṣùgbọ́n ẹwà kọ́ ni ó mú kí ọ̀pọ̀ nínú wọn wà láyé. Iṣẹ́ takisí ni. Èrò tí ń wọlé tí ń sọ̀ kalẹ̀ ni ó ń san owó àtúnṣe náà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí Ajah, nítorí pé ilẹ̀ ibi tí ọkọ̀ wà náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Ilẹ̀ tóóró tí a ń pè ní Lẹ́kí yìí, òkun wà ní apá kan, ọ̀sà wà ní apá kejì. Ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ gbára lé, àfi ìgbà tí ìjọba Lateef Jakande, tí ó ṣe gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983, la ọ̀nà tí ó lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ní oṣù Keje 1990, ìjọba ológun Raji Rasaki wó Màrókò, wọ́n sì kó díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n lé kúrò níbẹ̀ lọ sí Ìlàsàn àti Ikota, lójú ọ̀nà yìí kan náà. Lẹ́yìn náà ni àwọn olówó wá, tí ilé ń dìde lórí iyanrìn lójoojúmọ́ títí ó fi kọjá Ajah, tí ó dé Ṣàngótẹ̀dó, tí ó sì ń wo Ìbẹ̀jù lókèèrè. Ọ̀nà yìí, tí gígùn rẹ̀ dé Ẹ̀pẹ́ tó nǹkan bí kìlómítà 49, ni ó gbé ọ̀pọ̀ nínú wa.

Ohun méjì ni ibí yìí ń ṣe fún ọkọ̀. Èkíní ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ: ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ kò rìn, epo ń jó, ooru ń mú. Èkejì ni afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tí ń ti orí òkun fẹ́ wá, àti omi tí ń kún ojú ọ̀nà nígbà òjò. Ìpẹtà a máa bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ọkọ̀, níbi tí ojú kò tó. Ní Ìjẹ̀bú-Òde ìgbà èwe mi, ẹ́ńjìnnì ni ó ń kọ́kọ́ kú, ara ń ṣẹ́kù. Ní Ajah, ara a máa kú ṣáájú ẹ́ńjìnnì. Mo mọ ẹnìkan ní àdúgbò wa tí ó fi owó tí kò kéré ra ẹ́ńjìnnì dáradára sínú ọkọ̀ rẹ̀. Kò pé ọdún méjì tí irin tí ẹ́ńjìnnì náà jókòó lé fi jẹ kúrò. Ẹ́ńjìnnì kò ní àrùn kankan, ọkọ̀ ti di àkísà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń gbé ní etí òkun, abẹ́ ọkọ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wò kí ó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Àbá àbúrò mi nípa gáàsì ni ó kàn. Kì í ṣe àbá tí ènìyàn lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 2023, wọ́n ṣí ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí, èyí tí wọ́n kọ́ láti máa fọ àgbá epo 650,000 lójúmọ́. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 29, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà lítà kan di nǹkan bí 500 láàrin ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí 2024 fi ń parí lọ, ó ti ju 1,000 lọ. Epo wá ń ti ẹ̀yìnkùlé wa jáde, ọwọ́ wa kò sì tó o. Ìjọba gbé ètò kan kalẹ̀ láti mú kí àwọn ọkọ̀ máa lo gáàsì tí a fún pọ̀, tí àwọn ènìyàn ń pè ní CNG. Ní 2024, nǹkan bí 230 náírà ni wọ́n ń ta ìwọ̀n gáàsì tí ó lè ṣe iṣẹ́ lítà bẹntiróòlù kan.

Nínú iṣẹ́ yìí, a kì í yọ ẹ́ńjìnnì. Ìgò irin líle ni a ń gbé sínú ọkọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń dín agbára gáàsì kù kí ó tó dé inú ẹ́ńjìnnì, àti bọ́tìnnì tí awakọ̀ yóò tẹ̀ bí ó bá fẹ́ padà sí bẹntiróòlù. Agbára ọkọ̀ a máa dín díẹ̀, ìgò a sì gba àyè ẹrù. Ẹ́ńjìnnì tí ríìnì rẹ̀ ti jẹ, tí ń mu ọ́ìlì, kò ní san fún gáàsì ju bí ó ti san fún bẹntiróòlù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣe ìṣirò bí bàbá mi ti ń ṣe é. Kí a fi sọ pé iṣẹ́ náà yóò jẹ 1,200,000 náírà, àti pé, kí a má baà ṣe àsọdùn, 500 náírà ni ènìyàn yóò jèrè lórí lítà kọ̀ọ̀kan. Onídáńfó tí ń jó 40 lítà lójúmọ́ láàrin Ajah àti Ọbáléndé yóò jèrè 20,000 lójoojúmọ́. Ọgọ́ta ọjọ́ iṣẹ́ ni yóò fi rí owó rẹ̀ gbà padà. Òṣìṣẹ́ tí ń jó 8 lítà lójúmọ́ yóò lo 300 ọjọ́ iṣẹ́, ìyẹn ni pé ọdún kan ó lé díẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ pé 10 lítà péré ni ó ń jó lọ́sẹ̀, fún ṣọ́ọ̀ṣì àti òde ìnáwó, yóò lo 240 ọ̀sẹ̀. Ó lé ní ọdún mẹ́rin àbọ̀. Owó kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ná. Iṣẹ́ ọkọ̀ ni ó yàtọ̀.

Ewu sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà fún ẹni tí ó bá ń wá ẹ̀dínwó níbi tí kò yẹ. Ní oṣù Kẹwàá 2024, ìgò gáàsì ọkọ̀ kan bú gbàmù ní ìlú Ìbìní níbi tí ó ti ń ra gáàsì, ó sì ṣe àwọn ènìyàn léṣe. Àwọn aláṣẹ sọ pé wọ́n ti jó irin ìgò náà pọ̀ àti pé kì í ṣe irú èyí tí a fọwọ́ sí fún iṣẹ́ náà. Ọgbọ́n títú àti títò tí ó kọ́ bọ́lẹ̀kájà fún wa kò tó níbi ti gáàsì. Pákó tí a kàn kò dára a máa já. Ìgò gáàsì tí a jó kò dára a máa pa ènìyàn.

Ní ti iná mànàmáná tí ẹ̀gbọ́n wa dámọ̀ràn, ìtàn ní àpẹẹrẹ kan tí ó sún mọ́ wa púpọ̀, nítorí pé ìjàpá ni ọkọ̀ rẹ̀. Ní 2014, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, sọ ìjàpá kan di ọkọ̀ tí ń lo oòrùn àti afẹ́fẹ́. Ó gbé awo tí ń gba oòrùn sí orí rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bátìrì sì ń gba wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kí ó tó kún. Nǹkan bí ọdún kan ni ó fi ṣe é. Owó náà kò tó 6,000 dọ́là, púpọ̀ nínú ohun èlò náà sì jẹ́ èyí tí àwọn ènìyàn fi ta á lọ́rẹ. Bí a bá fi ìṣirò bàbá mi wò ó, kò sí bí ọkọ̀ náà ṣe lè san owó rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kọ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń rà, ẹ̀kọ́ ni. Iṣẹ́ tí ìjàpá náà ń ṣe ni pé kí ó kọ́ olówó rẹ̀ ní ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì ṣe é. Ẹni tí ó bá ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ rẹ̀, kí ó náwó láìbẹ̀rù. Kí ó má kàn pè é ní ẹ̀dínwó epo ni.

Ìnáwó kékeré kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tún ìwé náà ṣe, kí ó sì tọ́jú ìwé ẹ̀rí ọwọ́ ẹni tí ó tà á fún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí ọlọ́pàá bá dá a dúró tí nọ́ńbà inú ìwé kò bá ti ara irin mu, ọ̀rọ̀ yóò di ti olè.

Mo gbé ìjàpá bàbá mi ka orí òṣùwọ̀n mẹ́ta yìí. Iṣẹ́ ńkọ́? Kò ní. Ìyá mi ti sinmi òwò ẹja, èmi kì í sì í kó gààrí. Ẹgbẹ́ ńkọ́? Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tán lójú títì. Ilé-iṣẹ́ Ọ̀jọ́ ti ṣíwọ́ àtitò ìjàpá láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ tún un ṣe sì jẹ́wọ́ fún mi pé òun kò tú irú rẹ̀ palẹ̀ rí. Ara ńkọ́? Mo dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn, mo fi iná tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀. Mo rí ilẹ̀ láti inú ọkọ̀, mo sì rí inú ọkọ̀ láti ilẹ̀.

A kò ní fi ẹ́ńjìnnì tuntun sí i. Ọmọ àbúrò mi kan wà tí ń wa kórópe láti Ajah sí Ṣàngótẹ̀dó, láti ìdájí títí di alẹ́. A ti pinnu pé owó tí a fẹ́ ná, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò lọ: mẹkáníìkì yóò kọ́kọ́ yẹ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àti abẹ́ ọkọ̀ wò, bí wọ́n bá sì le, yóò lọ gbé gáàsì sí i níbi tí ìjọba fọwọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n wa kò fẹ́ gbọ́. Ó ní mo fẹ́ kí ohun tí bàbá wa fi sílẹ̀ jẹrà sábẹ́ igi àgbọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí pé òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo rán an létí 1987. Ẹ́ńjìnnì tí ó wà nínú ìjàpá náà lónìí kì í ṣe èyí tí bàbá wa fi owó Údọ́jì rà. Àkọ́kọ́, òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí wọ́n yọ ọ́ sórí ilẹ̀, ó sì tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù, kò sì bojú wẹ̀yìn. Ojú ewé tí ó fa ìlà sí àárín rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi, nínú àpótí ìwé. Ìyẹn ni mo ń tọ́jú.